Àìsàn Tí A Fi Sílẹ̀ Fún Àwọn Ọkùnrin

Ajégúnlẹ̀,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì, 2025.

Ọládòṣù ọmọ mi,

Tamuno ló ń bá mi kọ èyí. Tamuno ayálégbé wa ni, ẹni tó ń ka ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá nígbà tí bàbá yín ń ru ẹrù níbẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́. Tó bá parí, á ya ìwé náà ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Mi ò fẹ́ máa pè ọ́ mọ́, torí tí a bá wà lórí fóònù, ìwọ nìkan lo máa ń sọ̀rọ̀. Kò sí bí o ṣe fẹ́ dá ìwé lẹ́nu dúró.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti dín kù? Fọláyọ̀ ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúnkún kọ́ ni mo pe Tamuno fún.

Ẹ̀rọ tí o fi ránṣẹ́, èyí tó ń wo súgà inú ẹ̀jẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nnaemeka ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ ń gún ìka rẹ̀ láràárọ̀ kó tó lọ máa bá àwọn oníbàárà rẹ̀ gba ẹrù jáde ní èbúté. Inú rẹ̀ ti wọlé. Ṣòkòtò tó ń fún un tẹ́lẹ̀, bẹ́líìtì ló fi ń so ó mọ́ ara báyìí. Ó yí po níwájú mi lọ́jọ́ Àìkú, ó ní, "Màmá, ẹ wò mí, mo ti di ọ̀dọ́mọkùnrin padà." Mo ní kó lọ jókòó.

A ń ṣe ohun tí o wí. O ní kí a dín oúnjẹ rẹ̀ kù, a ti dín in. Ṣìkẹ́mi ẹ̀gbọ́n rẹ á ro ẹ̀bà bó ṣe máa ń rò ó, á gé e sí méjì, á gbé ìdajì fún ọkọ rẹ̀. Á tún yọ ọ̀rá kúrò lára ẹran rẹ̀. Ìdajì tó kù àti ọ̀rá náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ nígbà tí gbogbo wa bá ti jẹun tán. A kì í da oúnjẹ nù nínú ilé yìí, o mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè nìyí. Ó ń rẹ Ṣìkẹ́mi, kì í sì í ṣe àárẹ̀ ọjà. Orí àga ló ń sùn sí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Boundary. Oníbàárà á mú abọ́ ike dání, á máa fọwọ́ tọ́ ọ kó tó jí. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró láti bí ọdún méjì. Tamuno ò fẹ́ kọ gbólóhùn yẹn. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n kàn kọ ọ́ pé ara wọn yí padà." Mo ní nǹkan oṣù ni kó kọ, ìyá tó bí òun náà ṣe é. Láti ìgbà tó ti dúró ni inú rẹ̀ ti ń yọ síwájú. Tẹ́lẹ̀, ìdí àti itan ló fi máa ń sanra. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ni, inú líle, bíi ti bàbá yín.

Mo ní kó fi ìka rẹ̀ sí ẹ̀rọ náà. Ó kọ̀. Ó ní orúkọ Nnaemeka lo kọ sára páálí, ó ní bébà tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí kò pọ̀, òun ò ní fi ti ọkọ òun ṣòfò. Ó ní, "Màmá, àìsàn bàbá wa ni. Àwọn ọkùnrin ló ń mú." Ó máa ń gbọ́ tìrẹ ju tèmi lọ. Kọ ọ́ wá pé kó ṣe é. Gbólóhùn kan ti tó.

Èmi ìyá rẹ.

*

Sheffield,
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹta, 2025.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé ìdáhùn pẹ́, iṣẹ́ ló mú mi mọ́lẹ̀. Fọláyọ̀ ní kí n kí yín, àwọn ọmọ náà kí yín. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Tamuno, ẹ sọ fún wọn pé ìwé ọwọ́ wọn ṣì dára.

Inú mi dùn gan-an sí ọ̀rọ̀ Nnaemeka. Màmá, ohun tí mo ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ẹ rántí pé bàbá wa ṣubú ní wọ́ọ̀fù tòun ti àpò lórí. Ẹ̀gbọ́n wọn náà sùn lọ́sàn-án, wọn ò jí. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, wọn ò sì dàgbà. Ara kan náà ni Nnaemeka ní, ikùn rẹ̀ ti ń bọ̀ bíi tiwọn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ara rẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí nìyẹn. Bébà náà kì í pẹ́ kó tó tán, ó sì máa ń bàjẹ́ tí èèyàn bá ń ṣí i ní gbogbo ìgbà. Ẹ jẹ́ kí ó wà fún ẹni tí ewu wà lórí rẹ̀.

Ti Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fòyà. Fọláyọ̀ ní ìyá òun náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí nǹkan oṣù wọn dúró: ooru, àárẹ̀, oorun, ara wíwú. Ó kọjá lọ. Nínú ilé tiwa, àwọn obìnrin máa ń pẹ́ láyé. Ẹ̀yin fúnra yín rèé. Ìyá bàbá mi gbé ọmọ-ọmọ-ọmọ wọn jó. Ẹ sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n dín ìjókòó kù, kí wọ́n máa rìn dáadáa.

Ìrántí bàbá ti sún mọ́lé. Ẹ jọ̀wọ́, kí Ẹ̀gbọ́n din àkàrà fún àwọn ará àdúgbò bí a ṣe máa ń ṣe é. Ọwọ́ wọn nìkan ló mọ àkàrà tí bàbá fẹ́ràn. Ẹ ṣọ́ Nnaemeka kó má jẹ ju bó ṣe yẹ lọ lọ́jọ́ náà. Tí ẹnì kan bá sì ń bọ̀ lọ́hùn-ún, kí Ẹ̀gbọ́n bá mi di ẹja gbígbẹ díẹ̀.

Ọmọ yín,
Ọládòṣù.

*

Ajégúnlẹ̀,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, 2025.

Ọládòṣù,

Mo kí ọ. Mo kí ìyàwó rẹ. Tamuno ka lẹ́tà rẹ sétígbọ̀ọ́ gbogbo wa. Gbólóhùn kan ni mo ní kí o kọ, o kọ ojú ìwé kan, gbólóhùn náà ò sí níbẹ̀.

A ti ṣe ìrántí bàbá yín. Ẹ̀gbọ́n rẹ din àkàrà náà. Òógùn bò ó débi pé ó ń kán sínú agbada, epo ń ta. Mo ní òógùn kí nìyí, ó ní ooru iná ni. Nígbà tó yá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, ó fi ọwọ́ di àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Ó ní eyín ń dun òun. Nnaemeka ra oògùn ìrora wá ní kẹ́míìsì. Kò ràn án. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó lọ yọ eyín náà, ó fi bébà wé e wálé.

Mo ní kó gbé e wá kí n wò ó. Kò sí ihò kankan níbẹ̀. Eyín náà funfun, ó dára ju gbogbo èyí tó kù sí mi lẹ́nu lọ.

Mo ní, "Ṣìkẹ́mi, eyín yìí ò jẹrà."

"Màmá, gbòǹgbò rẹ̀ ló bàjẹ́."

"Ta ló sọ?"

"Ẹni tó yọ ọ́."

"Kí lo fẹ́ kó sọ nígbà tó ti yọ ọ́ tán?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ibi tí wọ́n ti yọ ọ́.

Ọládòṣù, eyín ti lọ, ìrora ò lọ. Ó ti kúrò ní àgbọ̀n báyìí, ó wà lẹ́yìn, láàárín èjìká méjèèjì. Tó bá ru abọ́ láti ibi tí mọ́tò já ẹrù sí, ó dé. Tó bá jókòó, ó lọ. Eyín wo ló ń mọ ìgbà tí èèyàn ń rìn? Ìwọ ló ní kó máa rìn. Ó ń rìn. Ó máa ń rìn dé ibùdókọ̀ kẹ̀kẹ́, á di ògiri mú, àwọn èèyàn á sì rò pé ó ń dúró de ẹnì kan ni.

Mo bá Nnaemeka sọ ọ́. Ó ní, "Mama, na tooth. E go better." Mo ní kó fi Yorùbá dá mi lóhùn. Ó ní, "Màmá, eyín ni, ó máa san. Kòǹtẹ́nà oníbàárà mi ò tíì jáde. Tó bá jáde, èmi fúnra mi ni mo máa gbé e lọ sí ọsibítù." Kì í ṣe èèyàn burúkú. Àìsàn tirẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè wo ti ẹlòmíràn.

Adaobi ọmọ wọn wá kí wa láti Ìjọra. Oyún rẹ̀ ti yọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú díẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó ní, "Èmi náà ni o jọ. Nígbà tí mo lóyún rẹ, ẹ̀jẹ̀ mi ru débi pé wọ́n gbé ẹ jáde kí oṣù tó pé." Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín sí i. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Èyí ni mò ń béèrè, kò sí òmíràn. Pe Nnaemeka. Sọ fún un pé kó gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọsibítù ńlá lọ́sẹ̀ yìí. Tìrẹ ló máa gbọ́.

Kò sí ẹja gbígbẹ.

Ìyá rẹ.

*

Ajégúnlẹ̀,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, 2025.

Ọládòṣù,

O ò dá mi lóhùn. Nnaemeka ní o pe òun, pé ẹ jọ sọ̀rọ̀, pé o bá Ṣìkẹ́mi náà sọ̀rọ̀, ó sì sọ fún ọ pé eyín ni. Ohun tó máa sọ fún ọ nìyẹn. Ìwọ ni àbúrò rẹ̀ tó wà lókè òkun, kò ní fẹ́ kó ìdààmú bá ọ.

Kò lè dùbúlẹ̀ gbalaja mọ́. Ìjókòó ló fi ń sùn, ó ń fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn. Tó bá bọ́ bàtà, àmì bàtà á wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ di alẹ́.

Lónìí, mo gbé ẹ̀rọ náà fúnra mi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ìgbà tí wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé. Tamuno bá mi kán ẹ̀jẹ̀ náà sí bébà. Ó wo ohun tí ẹ̀rọ kọ. Mo ní kó kà á. Ó ní Nnaemeka ò ní iye yẹn rí, kódà ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ? Ó ní, "Bóyá torí pé ẹ̀rọ ọkùnrin ni. Bóyá kì í ka ti obìnrin dáadáa."

Mi ò dúró de kòǹtẹ́nà ẹnì kankan mọ́. Ní àárọ̀ ọ̀la, èmi àti Tamuno máa gbé e lọ.

Ìyá rẹ.

*

Sheffield,
Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Kẹrin, 2025.

Màmá,

Mo ń kọ èyí ní kíákíá. Mo pe fóònù Ẹ̀gbọ́n, kò lọ. Mo pe ti Nnaemeka, kò gbé e. Bọ̀dá Tamuno, ẹ jọ̀wọ́, níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ ka èyí fún Màmá lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá Ẹ̀gbọ́n padà sílé. Wọ́n lè sọ pé ibà ni, tàbí pé ọjọ́ orí ni. Ẹ má gbà. Ẹ sọ fún dókítà bí bàbá wa ṣe kú, àti bí ẹ̀gbọ́n bàbá wa ṣe kú. Ẹ sọ ti ẹ̀jẹ̀ wọn tó ru nígbà tí wọ́n lóyún Adaobi. Ẹ sọ ti àgbọ̀n, ẹ sọ ti ẹ̀yìn.

Màmá, èmi náà lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nọ́ọ̀sì fi téèpù wọn inú mi. Ó béèrè nípa ìdílé wa, mo ka àwọn ọkùnrin fún un. Ó ní, "O ò ní arábìnrin ni?" Mo ní mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, ara wọn le. Ó béèrè ọjọ́ orí wọn, ó béèrè bóyá nǹkan oṣù wọn ti dúró. Mi ò mọ ohun tó kàn án pẹ̀lú ìyẹn. Ó ní bí nǹkan oṣù bá ti dúró, àìsàn yìí máa ń sáré bá obìnrin, ó sì máa ń ṣe ọkàn wọn léṣe ju ti ọkùnrin lọ. Mo fẹ́ kọ̀wé sí yín lọ́jọ́ náà. Mo ní tó bá di òpin ọ̀sẹ̀.

Ẹ sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé mo ní kí wọ́n lo gbogbo bébà tó wà nínú páálí náà. Mo ń wá ọkọ̀ òfuurufú.

Ọládòṣù.

*

Ajégúnlẹ̀,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Karùn-ún, 2025.

Ọládòṣù ọmọ mi,

Mo kí ọ. Tamuno ló ń kọ ọ́. Fara balẹ̀ kà á. Nnaemeka ti pè ọ́, o ti gbọ́. Mo gbọ́ pé o sunkún lórí fóònù. Ohun tí Nnaemeka ò lè sọ ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Orí bẹ́ǹṣì la wà ní ọsibítù nígbà tí ìwé rẹ wọlé. Tamuno kà á sókè. Ẹ̀gbọ́n rẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó dé ibi tí o ní kó lo gbogbo bébà, ó ní, "Ẹ gbọ́, àbúrò mi ti gbà." Ó wá ní òun fẹ́ fi orí ti èjìká mi. Mo gbà á. Mo rò pé oorun ló gbé e lọ. Wọ́n sáré gbé e wọlé, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n mọ̀. Kò jí.

Dókítà tó wá bá wa, obìnrin ni. Kò fọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọkàn rẹ̀ ti ń bàjẹ́ bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ìrora àgbọ̀n yẹn, ọkàn ni. Ó ní ti obìnrin kì í fi gbogbo ìgbà di àyà mú kó ṣubú bí bàbá yín ṣe ṣubú. Ó lè jẹ́ àgbọ̀n, ó lè jẹ́ ẹ̀yìn, ó lè jẹ́ àárẹ̀ lásán. Ó ní àìsàn yìí kì í dá rìn: inú tó yọ, ẹ̀jẹ̀ tó ń ru, súgà, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n jọ ń rìn pọ̀ ni. Ó máa ń tètè dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin, gbogbo ojú á sì lọ sára wọn. Ohun tó wà lára obìnrin tó ń dáàbò bò ó máa ń bá nǹkan oṣù lọ. Inú tí a ò ní kà sí nǹkan kan lára ọkùnrin, ó ti pọ̀ jù lára obìnrin. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ru nígbà tó lóyún Adaobi, àmì ni. Ó ní láti ìgbà náà ló ti yẹ kí wọ́n máa wò ó lọ́dọọdún. Ó béèrè ẹni tó ń wò ó. Mo ní kò sẹ́ni. Ó ní, "Ọkọ wọn ńkọ́, Màmá?" Mo ní tọkọ là ń wò.

Wọ́n wo èmi náà. Tèmi ò dára tó. Wọ́n fún mi ní oògùn, mò ń lò ó.

A ti sin ín. Má bínú pé a ò dúró dè ọ́. Tí o bá fẹ́ wá, wá. Tí o ò bá lè wá, má fi ìyẹn pa ara rẹ.

Àwọn obìnrin tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Boundary wá kí wa. Wọ́n ń bi mí léèrè irú eyín tó ń pa èèyàn. Mo mú wọn jókòó, mo sọ fún wọn bí dókítà ṣe sọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní òun náà kì í lè dùbúlẹ̀ gbalaja. Mo ní kó dìde, kó lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ó ní ọjà ńkọ́. Mo ní Ṣìkẹ́mi náà sọ bẹ́ẹ̀.

Nnaemeka ò jẹun. Àwọn ará ilé wọn ro ẹ̀bà fún un lódindi, wọn ò mọ̀ pé a máa ń gé e. Ó wò ó títí ó fi tutù. Mi ò bú u, mi ò sì bú ìwọ náà. Ẹ ò kórìíra rẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì wo ibi tí ikú ti gbà wọlé tẹ́lẹ̀, ẹ ṣọ́ ibẹ̀.

Ó ku Adaobi.

Àwọn àgbà ilé wọn àti tiwa ní kí a má sọ fún un títí á fi bímọ. Wọ́n ti sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti rìnrìn àjò wá bá ọ ní ìlú òyìnbó, pé òjijì ni ìwé ìrìnnà jáde, pé wọ́n jí fóònù rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Inú ọmọ náà dùn. Ó ń sọ fún àwọn aládùúgbò. Wọ́n ní bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn, aboyún kì í gbọ́ irú rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú sí i, orí sì ń fọ́ ọ. Tí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọsibítù pé ìyá rẹ ńkọ́, á ní ìyá òun wà láàyè, ara rẹ̀ le. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kó máa lọ sílé.

Mo padà lọ bá dókítà obìnrin yẹn. Ó ní kí n má sọ ọ́ fún un nílé. Ó ní kí n mú un wá bá òun, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí a wá sọ ọ́ níbẹ̀ níwájú òun. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn. Lọ́la, èmi àti Tamuno máa lọ sí Ìjọra. Àwọn àgbà á bínú. Kí wọ́n bínú.

Adaobi lè pè ọ́ lónìí kó ní kí o fún ìyá òun ní fóònù. Má purọ́ fún un, má sì sọ ọ́ fún un. Sọ pé mo ní kó múra, kó dúró dè mí ní àárọ̀ ọ̀la. Kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, àfi lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn Adaobi, Fọláyọ̀ ló kàn láti sọ ọ́ fún, torí obìnrin lòun náà, ó sì rò pé irú àárẹ̀ yẹn máa ń kọjá lọ. Tìyẹn di ọwọ́ rẹ. Mo mọ̀ pé ikú ẹ̀gbọ́n rẹ nìkan lo tíì sọ fún un. Sọ ohun tó pa á fún un, gbogbo rẹ̀, bí Tamuno ṣe kọ ọ́ síbí, títí kan ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù tó ti Tamuno lójú láti kọ. Sọ ọ́ fún un lónìí, kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Ìyá rẹ.